Ẹ̀rín inú ìwé Machado

Mo ní òṣùwọ̀n kan tí mo fi ń mọ ẹni tó mọ ìtàn sọ. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ibi tó pani lẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti ń rẹ́rìn-ín kó tó débẹ̀ ti gba ẹ̀rín mọ́ àwa olùgbọ́ lẹ́nu. Ẹni tí iṣẹ́ náà mọ́ lọ́wọ́, ṣe ló máa fajú ro bí ẹni tó ń rojọ́ níwájú ọba, kò ní mira, títí gbogbo wa á fi di inú mú. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti ka ìtàn kúkúrú wọn, mi ò tíì rí ẹni tó mọ ojú í ro tó Joaquim Maria Machado de Assis, ọmọ ìlú Rio de Janeiro ní Bùràsíìlì. Ọdún 1882 ni ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Papéis Avulsos jáde. Ìtàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Mi ò gbọ́ èdè Potogí, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tú u sí ni mo fi ń kà á, síbẹ̀ ẹ̀rín náà kò sọnù sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀kan tó kúrú, èyí tó ń jẹ́ O Empréstimo. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Custódio wọ ọ́fíìsì Vaz Nunes, akọ̀wé tí ìjọba fún láṣẹ láti máa ṣe ìwé àdéhùn, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ọlá wu Custódio, iṣẹ́ ni kò wù ú. Ó fẹ́ yá conto márùn-ún, owó gidi nígbà náà, kó fi bá wọn dá ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Vaz Nunes ní kò sí. Custódio kò dìde. Ó dárúkọ iye mìíràn tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní kò sí. Ó tún já a wálẹ̀. Ṣe ló dà bí ẹni ń ná ọjà, àfi pé ẹni tó ni ọjà kò dárúkọ iye kankan, oníbàárà nìkan ló ń bá ara rẹ̀ ná an. Gbogbo ìgbà tó bá sì já a wálẹ̀, á tún fi gbogbo ara bẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé iye tuntun yẹn gan-an ló bá wá látilé. Nígbà tó yá, Vaz Nunes ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀ hàn án. Bébà owó méjì péré ló wà níbẹ̀, mil-réis márùn-ún-márùn-ún. Ó mú ọ̀kan fún un. Ẹgbẹ̀rún mil-réis ló ń jẹ́ conto kan, nítorí náà ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ohun tó wá tọrọ ni Custódio rí gbà. Ó gbà á, inú rẹ̀ dùn dénú, ó jáde sí ìgboro pẹ̀lú ayọ̀ ẹni tó borí.

Ibi ayọ̀ yẹn ni mo ti dúró nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìbínú ni mo ti ń retí, tàbí ìtìjú. Machado kò bá Custódio wí, kò sì fi í ṣẹlẹ́yà. Ó kàn sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ni. Mo mọ Custódio. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó wá bá yín pé mílíọ̀nù méjì náírà lòun ń wá láti fi kó ọjà wọlé, tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín, tó sì ń súre fún yín títí tó fi yà ní kọ̀rọ̀.

Àwọn ìtàn kan wà tí òǹkọ̀wé wọn máa ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa, táá wá yọ ọ́ sí wa lójijì ní gbólóhùn tó kẹ́yìn. Mo ti ka irú wọn púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń dùn. Machado kì í fi nǹkan pa mọ́. Á mú èrò kan tó bọ́gbọ́n mu, tí ẹ̀yin òǹkàwé fúnra yín máa gbà sí, á sì máa fà yín lọ́wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ìgbésẹ̀ kan níbẹ̀ tí ẹ lè ní ó ti jù. Ibi tí ẹ bá ara yín lẹ́yìn náà, ẹ ò jẹ́ gbà láti lọ síbẹ̀ ká ní wọ́n ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Ohun tó fi jẹ́ pé kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ń dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ nìyẹn. Ẹ ti mọ ibi tí ẹ ń lọ, ẹ wá ń wo bó ṣe ń mú yín débẹ̀. Nínú àlọ́ tiwa, gbàrà tí wọ́n bá ti dárúkọ Ìjàpá la ti mọ ẹni tó máa gbọ́n ẹ̀wẹ́. Nínú ìwé yìí, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yẹn kò ní orúkọ, inú ìrònú tó mọ́ ketekete ló sá pamọ́ sí.

Ẹ wo ti àwọn alántakùn, A Sereníssima República. Fadá kan ló kó àwọn èèyàn jọ, ó ní òun ti rí àwọn alántakùn tó ń sọ̀rọ̀, òun sì ti kọ́ wọn ní ìjọba àwa-ara-wa. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dìbò ní Venice láyé àtijọ́ ló fún wọn: ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń dupò sára bọ́ọ̀lù, ẹ kó o sínú àpò, kí ẹnì kan tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí màgòmágó fi wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n bá bọ́ọ̀lù méjì tó gbé orúkọ ẹnì kan náà. Lọ́jọ́ mìíràn orúkọ ẹnì kan kò wọ inú àpò rárá. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ṣe èrú, àpò ni wọ́n máa ń tún hun. Wọ́n dín in kù, wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n yí bó ṣe rí padà. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n tún ọwọ́ tó ń wọ inú rẹ̀ ṣe. Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ti Nebraska àti Caneca. Bọ́ọ̀lù tó jáde gbé orúkọ Nebraska, lẹ́tà tó kẹ́yìn nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí búra pé Nebraska ni. Caneca ní irọ́ ni, orúkọ òun ló wà níbẹ̀, ó sì lọ mú onímọ̀ èdè kan wá. Ọ̀mọ̀wé yìí fara balẹ̀, ó tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan palẹ̀, ó fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàlàyé bí Nebrask ṣe ń di Caneca. Bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ ó máa mi orí sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ ni mo ka ìtàn yìí sókè fún àwọn ará ilé. Àbúrò mi obìnrin kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró ná. Ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́?” Mo sọ fún un. Ó ní irọ́ ni. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó tan iná fóònù rẹ̀ sí i, ó ń fi ìka wá ọdún náà fúnra rẹ̀. Machado ti kọ ọ́ sínú àkíyèsí kan nínú ìwé náà pé ìdìbò ìlú òun lòun ń bá wí níbẹ̀. Ọdún 1881 ni Bùràsíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún òfin ìdìbò rẹ̀ ṣe. Àbúrò mi kò gbà rárá pé kì í ṣe tiwa ni.

Èyí tó wọ̀ mí lára ju gbogbo wọn lọ ni O Espelho. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jacobina ló ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 25, wọ́n fún un ní oyè ọ̀gá kékeré nínú ẹ̀ṣọ́ ìlú, ó di ẹni tí gbogbo ẹbí ń gbé gẹ̀gẹ̀. Àǹtí rẹ̀ kan, Marcolina, pè é wá sí oko rẹ̀, kò fi orúkọ pè é mọ́, oyè ló fi ń pè é, ó sì gbé dígí ńlá kan sí yàrá rẹ̀. Nígbà tó yá, Marcolina rìnrìn àjò lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó fi Jacobina sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹrú. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ẹrú náà kì í, wọ́n sà á. Ọ̀gá wa, ẹ ó di ọ̀gágun. Ọ̀gá wa, ọmọ ọ̀gágun lẹ ó fi ṣaya. Orí rẹ̀ wú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹrú kan ṣoṣo nínú ilé. Àkùkọ, ìbaaka àti màlúù ló kù. Ajá pàápàá, wọ́n ti kó wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ dígí lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ nípa ìtàn yìí, nítorí pé nígbà tí Jacobina dá wà, òjìji rẹ̀ nínú dígí ṣú bàìbàì, kò rí ara rẹ̀ dáadáa àfi ìgbà tó wọ aṣọ oyè rẹ̀. Ibẹ̀ dára lóòótọ́. Àmọ́ oríkì alẹ́ yẹn ni mo máa ń padà lọ kà. Ẹ tún un kà lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ bó ṣe parí, ẹ ó rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn ni iṣẹ́. Wọ́n ti rí ohun tí ọmọkùnrin yìí ń jẹ yó, wọ́n sì fi bọ́ ọ títí oorun fi gbé e lọ. Machado kò dúró láti kan sáárá sí wọn. Kò wí nǹkan kan ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ lòmìnira sì ni àwọn òbí bàbá Machado. Akunlé ni bàbá rẹ̀. Ní June 21, 1839 ni wọ́n bí i, lórí òkè Livramento ní Rio, ilé ìtẹ̀wé ìjọba ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà kó tó di òǹkọ̀wé, kó tó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Academia Brasileira de Letras ní 1897. Nígbà tó kọ O Espelho, òfin Bùràsíìlì ṣì fàyè gba kí èèyàn ra èèyàn. May 13, 1888 ni òfin náà tó yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Yorùbá, Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún, àwọn tó sì padà wá sí Èkó la mọ̀ sí Àgùdà. Mi ò sọ pé wọn ni Machado ní lọ́kàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo ka ti àwọn tó ki ọ̀gá wọn sùn, tí wọ́n sì kó ajá dání jáde lóru, mo pàtẹ́wọ́.

Ó ku èyí tó gùn jù, O Alienista. Dókítà Simão Bacamarte kọ́ ilé fún àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Itaguaí. Ẹni tó ya wèrè lójú gbogbo ayé ló kọ́kọ́ kó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kan ẹni tó yá àwọn èèyàn lówó títí ogún rẹ̀ fi tán. Ó kan oníṣẹ́ gàárì tó máa ń dúró wo ilé ara rẹ̀ nítorí ẹwà rẹ̀. Ó kan ìyàwó dókítà fúnra rẹ̀, tí kò mọ èyí tóun ì bá wọ̀ nínú ẹ̀gbà ọrùn méjì. Nígbà tí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú ti wà nínú àhámọ́, dókítà jókòó, ó ronú, ó ní tó bá rí báyìí, àwọn tí orí wọn pé ni aláìsàn. Ó tú gbogbo wọn sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn olóòótọ́. Ibi tó parí sí, ọ̀rẹ́ mi kan àti èmi ṣì ń jiyàn lé e lórí. Bacamarte yẹ ara rẹ̀ wò, ó rí i pé òun nìkan ni kò ní àbùkù kankan, ó wọ ilé náà, ó ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ lẹ́yìn oṣù 17. Ọ̀rẹ́ mi ní wèrè ni látìbẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, òun nìkan ni onímọ̀ tí mo tíì bá pàdé nínú ìwé tó gbà kí ìmọ̀ rẹ̀ mú òun náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní fẹ́ kó jẹ́ dókítà àdúgbò wa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Custódio, kí ẹ fi ti dókítà sílẹ̀ di ọjọ́ tí ẹ bá ráyè. Mo sì bẹ ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa tó gbọ́ Potogí kó bá wa tú ìwé yìí sí Yorùbá tààrà. Ìyá mi kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti sọ ti àwọn alántakùn fún wọn lẹ́nu, wọ́n ti rẹ́rìn-ín débi tí omi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ti ní ìwé náà gan-an làwọn fẹ́ kà.