Ní Adabraka, Omi Ni Ẹ Ó Kọ́kọ́ Bi Léèrè

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Kwame Nkrumah Circle ní Accra, tí ẹ kọjú sí gúúsù, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Adabraka nìyẹn. Wọ́n ní inú "albarka" àwọn Hausa ni orúkọ náà ti wá, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwa ń pè ní alùbáríkà. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Accra ní 1908 ni ìjọba òyìnbó la àdúgbò náà, kí àwọn ènìyàn lè kúrò ní àárín ìlú tí ó ti há jù.

Ilé ni mo lọ wò níbẹ̀, kì í ṣe ọjà. Irú ilé tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní compound house, ẹni tí ó bá sì dàgbà ní Mọ́kọ́lá tàbí Òkè-Àdó kò ní ṣọnù nínú rẹ̀. Yàrá yí àgbàlá ká, géètì kan, ẹ̀rọ omi kan, okùn aṣọ kan, oníkálukú sì ń dáná níwájú ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹbí ló ń gbé agboolé tiwa. Ní Adabraka, Gà, Akan, Ewé, Hausa àti Yorùbá lè jọ máa pín àgbàlá kan gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá là tàbí gọ́tà bá dí, ta ni yóò tún un ṣe?

Ìyá tí mo dé sí lọ́dọ̀ ti lé ní ogún ọdún nínú ilé tó wà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Mo rí i pé wọ́n rẹ́ àgbàlá náà dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n fi ilẹ̀ lásán sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ewúro àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ẹ̀ tán?"

"Ọmọ mi, bí mo bá rẹ́ ẹ tán, ibo lo fẹ́ kí omi gbà?"

Ìbéèrè ìyá kò ṣeé fi ṣeré. Òjò Accra kò pọ̀ tó ti Èkó lọ́dún, ṣùgbọ́n oṣù kẹfà máa ń da tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Odò Odaw ń ṣàn kọjá nítòsí Circle, ìdọ̀tí sì ń dí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2015, omi kún bo Circle. Àwọn ènìyàn sá fún òjò wọ ilé epo kan, iná sì ṣẹ́ yọ níbẹ̀. Ó lé ní 150 ènìyàn tó kú nínú ìkún omi àti iná ọjọ́ yẹn.

Àwọn ará ilé ìyá fúnra wọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, bíríkìlà kan ṣoṣo ni wọ́n sanwó fún. Wọ́n bu omi sínú rọ́bà gbọọrọ tí ó mọ́ gaara láti fi wo ibi tó ga àti ibi tó rẹlẹ̀. Wọ́n wá jẹ́ kí ilẹ̀ náà máa rẹlẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà ní ínǹṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin-mẹ́rin. Òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, iyanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pò, ó sì nípọn tó ínǹṣì mẹ́rin. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. (Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kánjú, ilẹ̀ tí oòrùn bá gbẹ lójijì yóò là.) Wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n tún gbé Polytank sí abẹ́ òrùlé, bí àwa ṣe ń gbé Geepee. Òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, yóò fún yín ní nǹkan bíi lítà 1,000 bí òjò mìlímítà 25 bá rọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ fọ ìdọ̀tí páánù lọ ná kí ẹ tó gbè é.

Ògiri ẹ̀yìn ilé ni mo fẹ́ràn jù. Amọ̀ ni, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lóde. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ amọ̀ ní ìpele-ìpele, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gùn ún, Atakpame ni wọ́n ń pè é ní Ghana. Orúkọ ìlú kan ní Tógò ni, níbi tí àwọn Ifẹ̀, ìbátan wa, ń gbé. Sìmẹ́ǹtì líle máa ń ṣí kúrò lára amọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Bí ẹ bá ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ nílé bàbá yín, ẹ kọ́kọ́ darí omi kúrò nídìí rẹ̀, ẹ há èyí tó ti ṣí kúrò, ẹ wá fi amọ̀ tí a pò mọ́ ẹfun ilé rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Òfin ilé yíyá Ghana ti 1963 kò gbà kí onílé gba ju owó oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ń san ti ọdún méjì. Ayálégbé tó bá sì tún ilé ṣe ń bẹ̀rù pé ẹwà tó fi owó rẹ̀ rà ni wọn yóò fi lé e jáde. Kí ìyá tó ra àpò sìmẹ́ǹtì kan, ó mú onílé fọwọ́ sí ìwé pé wọn yóò yọ owó náà nínú owó ilé. Inú agolo bisikíìtì ló kó gbogbo rìsíìtì sí.

Mo rò pé ó ń ṣe àṣejù, àfi ìgbà tó sọ ti bàbá rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ta ilé ní ọ̀pọ̀, tàbí kí wọ́n fi í síkàáwọ́ ọ̀rẹ́. Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ yàrá mẹ́rin, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láìsí ìwé kankan. Nígbà tó padà wá, ẹlòmíràn ló bá nínú wọn, kò sì rí ohun kan tó lè fi hàn.

Àwọn ayálégbé yòókù ti ń ní agolo tiwọn báyìí. Ọkùnrin Ewé tó wà ní yàrá kẹta ló ń gbá gọ́tà ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ ìyá ló ń gbá a ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo ń lọ, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó ni ọ̀gẹ̀dẹ̀.