Mẹ́tàlá Nínú Ogún

Èdè Faransé ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Láyé àwọn ẹ̀gbọ́n wa, ẹni tó bá ń kọ́ èdè náà a máa lọ gbé ọdún kan ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí owó ọ̀nà wọ́n, ìjọba dá Abúlé Èdè Faransé sílẹ̀ ní Àjàrá, lẹ́bàá Àgbádárìgì, ní ọdún 1991, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ti jàǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ gbé láàárín àwọn tí ń fi Faransé nájà, tí wọ́n sì fi ń bú ara wọn.

Ilẹ̀ náà kò kúkú jìnnà. Ọmọ Kétu ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìmẹ̀kọ ni ó wá lọ́kọ sí. Ní ọdún 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà tí ó padà fi Kétu sí ọ̀hún, tí ó fi Ìmẹ̀kọ sí ìhín. Ìyá àgbà kò ka ìwé náà sí títí ó fi kú. Bí àárò ilé bá ti ń sọ ọ́, yóò gbé igbá rẹ̀ rù, ó di Kétu. Nítorí náà, nígbà tí yunifásítì wa àti ọ̀kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn yóò máa pààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, orúkọ mi ló ṣáájú.

Ọjọ́ kìíní nínú kíláàsì, ọ̀jọ̀gbọ́n ń rọ Faransé bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá gírámà nílé di adití. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí rí i pé ojú mi ti pọ́n. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó tì í sọ́dọ̀ mi: kpɛ̀lɛ́. Mo wò ó títí kí n tó mọ̀ pé pẹ̀lẹ́ ni ó ń kí mi. Ọmọ Pọ́bẹ́ ni. Lọ́dọ̀ wọn, kp ni wọ́n ń kọ níbi tí àwa ń kọ p, sh ni ṣ, ɛ àti ɔ sì ni ẹ àti ọ wa. Ní 1974 ni ìjọba tiwa fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò. Ní 1975 ni tiwọn ṣètò álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè ilẹ̀ wọn. Ọdún kan péré! Ilé méjì fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́, onílé kìíní ń mọ ògiri, èkejì ń mọ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó yọjú wo okùn tí ẹnì kejì ta.

A di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn. A jọ ṣe iṣẹ́ kan fún ọ̀jọ̀gbọ́n náà lórí orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ ń pe irinṣẹ́ àti koríko oko ní Kétu àti ní Ìmẹ̀kọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a lò nílé àbúrò ìyá àgbà, tí bàbá arúgbó náà ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ò mọ ọkọ́ ni?" Ọ̀jọ̀gbọ́n fún wa ní 13 nínú 20.

Ẹ má ṣe káàánú wa. Níbẹ̀, ẹni tó bá gba 10 ti yege. 14 dára, a kì í sì í rí 16 lójoojúmọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé 20 ti Ọlọ́run ni, 19 ti olùkọ́. Àwa 38 ni a wà ní kíláàsì náà. Kò sẹ́ni tó gbà jù wá lọ. Ẹ̀kọ àti ẹja dídín la fi ṣàjọyọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo délé. Akọ̀wé tó ń ṣètò máàkì, àgbàlagbà ọmọlúwàbí kan, sọ 13 di ìlọ́po márùn-ún, ó kọ 65. Lọ́dọ̀ wa, 70 ni A ti bẹ̀rẹ̀. Mo di oní-B nínú iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó borí mi. Ìṣirò bàbá náà kò ní àbùkù. Òṣùwọ̀n ni kò dọ́gba, bí kóńgò ọjà kan ṣe ń kún ju ti òmíràn lọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀ka-èdè, tí mo fi oṣù mẹ́rin kọ́, kò sí nínú ìwé tiwa. Wọ́n yọ ọ́ dànù, wọ́n ní kí n ṣe òmíràn dípò rẹ̀. Bàbá mi yóò tún wá owó ìdajì ọdún. Akọ̀wé ní, "Ọmọ mi, mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwé ni mò ń tẹ̀ lé." Mo dọ̀bálẹ̀, mo jáde.

Àwọn ará Yúróòpù ti kọjá ibi tí a wà yìí. Nígbà tí ètò Erasmus bẹ̀rẹ̀ ní 1987, orílẹ̀-èdè 11 ni ó wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 ni ó sì rìnrìn-àjò lọ́dún náà. Lónìí, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé ẹsẹ̀, òun àti yunifásítì méjèèjì yóò ti fọwọ́ sí ohun tí ó ń lọ kọ́ àti bí wọn yóò ṣe kà á fún un. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sì ń fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni pé kí ó máa fi hàn iye ẹni tó ń gba máàkì kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí ipò akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá a délé. Ṣé owó ńlá ni èyí ń fẹ́? Tákàdá ni, àti ẹni méjì tó mọ ara wọn.

Áfíríkà náà kò sùn. Àdéhùn tí a ṣe ní Addis Ababa ní 2014, pé kí a máa ka ìwé-ẹ̀rí ara wa sí, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti 2019 láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó gbà á wọlé. Kò kàn tíì dé orí tábìlì akọ̀wé mi ni. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, kí ó tó dá dúró ní 1962, oyè Yunifásítì London ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń gbà. Ẹ̀kọ́ tó ní òkun láàárín kò sọnù. Èyí tó kọjá Sẹ̀mẹ̀ ló sọnù.

Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀hún fi máàkì àwa 38 ránṣẹ́, láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n lè rí ibi tí 13 wà. Oṣù kẹrin rèé. Ọmọ Pọ́bẹ́ fẹ́ wá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọ̀ wa lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín pé bí òun bá gba 70, tí wọ́n sì pín in sí márùn-ún nílé, 14 ni òun yóò gbé délé, ohun tí òun kò gbà rí. Àkọtọ́ tiwa ni ó fi kọ lẹ́tà náà, tàmì-tàmì. Ó ní tiwọn ni kí n fi dáhùn. Láti àná ni mo ti ń wá ibi tí ɛ wà lórí fóònù mi.