Ilé Iṣẹ́ Cézanne

Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé ni ìlú Aix-en-Provence wà. Ní orí òkè Lauves, ní ìhà àríwá ìlú náà, ni ayàwòrán nì, Paul Cézanne, kọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí. A parí rẹ̀ ní ọdún 1902. Ẹ má ṣe rò pé ààfin ni o! Bí mo ti gun àtẹ̀gùn dé yàrá òkè, fèrèsé ńlá kan ni ojú mi kọ́kọ́ bà. Àríwá ni ó kọjú sí, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìhà ibẹ̀ kì í tètè yí padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n dá ihò tóóró gígùn kan sí ara ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbé àwòrán tí kò gba ẹnu ọ̀nà jáde. Agbárí òkú mẹ́ta wà níbẹ̀, ẹ̀wù àti fìlà rẹ̀ sì wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ó fi ọ̀dà kùn, n kò rí ẹyọ kan. Wọ́n ti fọ́n ká gbogbo ayé. Èyí dùn mí díẹ̀.

Mo gun òkè náà síwájú, mo sì rí òkè Sainte-Victoire lókèèrè. Òkè kan náà yìí ni ó ń yà léraléra. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1906, òjò líle bá a ní pápá níbi tí ó ti ń yàwòrán. Ó ṣubú, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e wá sílé. Ní ọjọ́ kejì ó tún jáde lọ ṣiṣẹ́! Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ó fi kú.

Púpọ̀ nínú àwọn ará ìlú rẹ̀ kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí ilé náà sì fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí yóò wó o, àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n dáwó jọ tí wọ́n fi rà á. A ṣí i fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1954.