Adùn tó wà nídìí ewé eéran

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ dín àpòlúkù yín kù kí ara lè fúyẹ́. Ẹnu ṣì ń fẹ́ adùn, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣúgà gan-an ló lè dá wàhálà sílẹ̀: tó bá sáré wọ ìfun, òógùn lè bo èèyàn, kí àyà máa lù kìkì. Súwíìtì tí kò ní ṣúgà ni èmi ń jẹ, mo sì ń gbádùn rẹ̀ gan-an. (Ẹ má jẹ ẹ́ jù o, sorbitol inú òmíràn máa ń da inú rú.)

Ẹ yẹ ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí E957, thaumatin nìyẹn. Inú èso ewé eéran ló ti wá, ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ àti Ìdó! Èso náà kì í gòkè. Ìdí ewé nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń wà, ó pupa, ó ní igun mẹ́ta. Ẹ là á, ẹ ó rí kóró dúdú tí nǹkan rírọ̀ kan lẹ̀ mọ́ lórí. Ibẹ̀ ni adùn wà. Kì í tètè dé ahọ́n, àmọ́ tó bá dé, kì í fẹ́ lọ. Ó fi ìlọ́po tó lé ní 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniell, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1855.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń já ewé wá sọ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣa èso rẹ̀ wá fún wa pẹ̀lú.