Ẹ Gbé E Síta Wò

Àwọn ìyá tó mọ ọjà ná ní Brixton, àti ní Rye Lane ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, kì í sanwó aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á di etí aṣọ mú, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n gbé e síta wò ná." Àwọn ọlọ́jà mìíràn a sì fajú ro, àfi bíi pé oníbàárà fẹ́ gbé e sá lọ. Èmi ò dá àwọn ìyá yẹn lẹ́bi. Bí léèsì àti gèlè bá bára mu lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, tí wọn ò wá bára mu mọ́ ní gbọ̀ngàn àríyá, ẹni tó wé gèlè ni ojú máa tì, kì í ṣe ẹni tó tà á.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà lè má purọ́ rárá. Iná ló ṣe é.

Ìmọ́lẹ̀ a máa rìn bí ìgbì omi, ìgbì rẹ̀ sì ní gígùn, ó ní kúkúrú. Èyí tí ojú wa lè rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 380 nánómítà títí dé nǹkan bí 700. Mílíọ̀nù kan nánómítà ló sì wà nínú mílímítà kan ṣoṣo. Èyí tó kúrú jù là ń rí bí elésè àlùkò, èyí tó gùn jù là ń rí bí pupa, àwọ̀ òṣùmàrè yòókù wà láàárín. Aṣọ a máa gbé àwọn ìgbì kan mì, a sì dá ìyókù padà sí ojú wa. Adìrẹ Abẹ́òkúta tí wọ́n fi èlú pa láró ń gbé èyí tó gùn mì, pupa àti àwọ̀ ọsàn, ó ń dá kúkúrú padà.

Aṣọ kò sì lè dá ohun tí iná kò gbé wá padà. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbì kúkúrú, nítorí náà pupa a máa tàn lábẹ́ rẹ̀, aró a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Ó yẹ kí Brixton mọ èyí ju ibòmíràn lọ: Electric Avenue, tí wọ́n kọ́ láàárín àwọn ọdún 1880, wà lára àwọn òpópónà ọjà tó kọ́kọ́ lo iná ẹlẹ́ńtíríìkì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Àwa tó sì ti òde àríyá bọ̀ lóru nígbà tí ọ̀pọ̀ iná títì ṣì jẹ́ ti sódíọ̀mù, a rántí. Ìgbì iná yẹn kò ju ti nǹkan bí 589 nánómítà lọ, ìyeyè lásán. Léèsì olówó iyebíye, pupa ni o, ewé ni o, gbogbo rẹ̀ a rí ràkọ̀ràkọ̀.

Ojú náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ló fi ń mọ àwọ̀. Ní 1861, James Clerk Maxwell, tó ń kọ́ni ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé mẹ́ta tó: wọ́n ya fọ́tò rìbọ́nù kan gba inú omi aláwọ̀ pupa, ewé àti búlúù, ó tan wọ́n lé ara wọn, àwọ̀ rìbọ́nù sì jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka mẹ́ta péré ṣeé tàn jẹ. Léèsì ti Austria wá, gèlè ti ibòmíràn wá, ohun tí wọ́n fi pa wọ́n láró yàtọ̀. Àpapọ̀ ìgbì tí wọ́n ń dá padà lè dà bí ọ̀kan náà lójú lábẹ́ iná kan, kí wọ́n sì pínyà lábẹ́ òmíràn.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba àwòrán WhatsApp gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àwọ̀. Kámẹ́rà ní ojú tirẹ̀, fóònù ní iná tirẹ̀.

Síta tí àwọn ìyá ń lọ dára, àmọ́ kò tíì tó. Òru là ń ṣe ọ̀pọ̀ òde wa níbí, nínú gbọ̀ngàn. Kí ẹ tó ra aṣọ ẹbí, ẹ gé díẹ̀ lára léèsì dání, ẹ fi wé gèlè nínú oòrùn, ẹ tún fi wé e lábẹ́ irú iná tí wọ́n máa tàn lọ́jọ́ náà. Kí ẹ tó sanwó ni o.