Omi Èkó Ní Aago Tirẹ̀

Ìgbafẹ́ ni ẹja pípa jẹ́ fún mi. N kì í tà á, ebi kò sì lé mi dé etí omi. Síbẹ̀, ẹni tó bá ju ìwọ̀ sí ẹnu ọ̀sà Èkó, níbi tí òkun ti ń gba àárín àwọn ògiri òkúta ayé àwọn amúnisìn wọlé, yóò rí i pé omi náà ní aago tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Àsìkò tó bá kún lónìí, yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́la. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun a wọ inú ọ̀sà lọ jìnnà, àwọn ẹja òkun a sì tẹ̀ lé e; bí òjò bá dé, omi odò Ògùn a ti iyọ̀ náà padà.

Ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ ni mo ti kọ́ ọ. Baba kan nínú wọn a máa wí fún mi pé, “Dúró, omi kò tíì yí.”

Ní oṣù kọkànlá 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Otodo Gbame, abúlé apẹja létí ọ̀sà kan náà. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin 2017, abúlé ti pa rẹ́. Àgbà tó mọ aago omi kò kọ ọ́ sínú ìwé. Ọmọ tó bá a wọ ọkọ̀ ló ń kọ́. Bí a bá lé irú àgbà bẹ́ẹ̀ kúrò létí omi, ta ni yóò wí fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé kó dúró?