Àǹtí Clara, Àjẹ́ Tó Máa Ń Gbàgbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi o: mo fẹ́ràn àjẹ́. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ládùúgbò ni mò ń wí. Àwọn tinú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni, àwọn àjẹ́ òyìnbó tí ń gun ìgbálẹ̀ fò, tí wọ́n ń dé fìlà dúdú tó ga ṣóńṣó. Mo ti dàgbà dé ibi tí n kò lè kàwé láìlo awò, síbẹ̀ bí ọmọ mi bá bá mi níbi tí mo ti ń wò wọ́n lórí fóònù lóru, á ní, "Dádì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, n'Íbàdàn, ní nǹkan bí ọdún 1972, onílé wa nìkan ló ní tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo ojúlé wa. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwa ọmọ ayálégbé á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀, àwọn tí kò ráyè á so mọ́ fèrèsé bí àdán. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Samantha.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ eré Bewitched ti mọ ẹni tí mò ń wí. Ọdún 1964 ni ilé iṣẹ́ ABC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní Amẹ́ríkà, apá 254 ni wọ́n sì ṣe kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ ní 1972. Elizabeth Montgomery ló ṣe Samantha, àjẹ́ tó lọ fẹ́ ọkùnrin lásán kan tí ń jẹ́ Darrin, oníṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ọkọ ní òun ò fẹ́ idán nínú ilé òun o, kí ìyàwó òun máa fọwọ́ fọ abọ́ bí aya ẹlòmíràn. Ìyàwó gbà. Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ ilé ń tán? Bí ọkọ bá ti yíjú báyìí, Samantha á mi imú rẹ̀ fìrìfìrì, iṣẹ́ á ti parí. Ìyá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnyán tán, tó ń nu òógùn lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Èmi ìbá ní irú imú yẹn!" Gbogbo pálọ̀ á rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Bí Samantha bá fẹ́ fi idán tún ilé ṣe, òṣèré náà á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á dá kámẹ́rà dúró. Á dúró gbagidi bí ère, àwọn òṣìṣẹ́ á sáré wọlé, wọ́n á palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, kámẹ́rà á tún máa lọ. Àṣé ìgbálẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni agbára tó ń yà wá lẹ́nu!

Nínú àwòrán ẹ̀fẹ̀, ìyẹn kàtúùnù, Witch Hazel ni tèmi, àjẹ́ aláwọ̀ ewé tí Chuck Jones mú jáde lọ́dún 1954 láti máa bá ehoro nì, Bugs Bunny, fa wàhálà. Bó bá fò lọ lójijì, píìnì irun rẹ̀ á ṣẹ́ kù lójú afẹ́fẹ́, á máa yí níbẹ̀. Nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 1956, ẹ̀rù kan ṣoṣo tó ń bà á ni kí òun má lọ di arẹwà. Ó ń bi dígí léèrè bóyá òun ṣì ni òbúrẹ́wà jù lọ. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ fi bú u?

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, Àǹtí Clara, àǹtí Samantha, ni ààyò mi. Arúgbó òṣèré kan tí ń jẹ́ Marion Lorne ló ṣe é. Agbára Àǹtí Clara ti ń dín kù, kì í sì í sábà rántí ọfọ̀. Á fẹ́ gba inú ògiri kọjá, á fi orí gbá a. Ó fẹ́ tún iná ilé ṣe, ó lọ pe Benjamin Franklin wá, ẹni tó ti kú láti 1790. Nígbà kan, idán rẹ̀ pa iná mànàmáná apá ńlá kan ní Amẹ́ríkà. (N'Íbàdàn, a ò nílò àjẹ́ fún ìyẹn.) Nǹkan roboto tí òyìnbó fi ń ṣí ilẹ̀kùn ló máa ń kó jọ bí ẹni ń kó wúrà, Marion Lorne fúnra rẹ̀ sì ń kó o jọ nílé.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1964, nínú ọ̀kan lára àwọn apá àkọ́kọ́, oníbàárà Darrin kan tí ń ta súìtì fẹ́ kí wọ́n ya àjẹ́ eléyín kíká sára ọjà òun. Inú bí Àǹtí Clara àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: ṣé bí àwọn ṣe rí nìyẹn? Wọ́n lọ bá ọkùnrin náà lójú oorun, wọ́n dà á láàmú títí ó fi yí ọkàn padà. Lójú oorun ẹ̀wẹ̀! Àjẹ́ tiwa náà, ibẹ̀ ni wọ́n ní wọ́n ti ń báni.

Darrin, tí kì í fẹ́ rí ìyá ìyàwó rẹ̀ sójú, máa ń ní sùúrù fún Àǹtí Clara. Nígbà tí Marion Lorne kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, oṣù yẹn náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Emmy, Samantha ló bá a gbà á. Wọn kò wá ẹlòmíràn ṣe Àǹtí Clara mọ́.

Èmi náà ní Àǹtí Clara tèmi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, Màmá Alákàrà là ń pè é, yàrá kan lẹ́yìn ilé wa ló ń gbé. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, ìgbàgbé bá a dé. Á fi iyọ̀ sí àkàrà lẹ́ẹ̀mejì, á fi orúkọ bàbá mi pè mí. Lóru, á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á máa bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Agolo mílíìkì tó ti ṣófo ló ń kó jọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lónìí, dókítà á ní àìsàn ọpọlọ tí ń bá arúgbó jà ni. Nígbà náà, nígbà tí ibà pa ọmọ ayálégbé kan, wọ́n ní àwọn ti mọ ẹni tó pa á. Kò sẹ́ni tó pariwo o. Wọn ò kàn ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ni. Ìyá mi fà mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Ohunkóhun tí Màmá bá fún ọ, gbà á, dúpẹ́, má jẹ ẹ́."

Mo gbà á, mo dúpẹ́, n kò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ju àkàrà méjì sí gọ́tà, bí mo ti gbójú sókè, Màmá ń wò mí láti ojú fèrèsé. Kò sọ nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, mo wà ní pálọ̀ onílé, mò ń fi Àǹtí Clara rẹ́rìn-ín.

Àjẹ́ là ń pe àwọn méjèèjì. Mo rò pé ohun tó dùn nínú eré yẹn ni pé èèyàn lè jókòó ti arúgbó tó ń gbàgbé, kí ẹ̀rù má bà á, kó tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, kó má sì ná an ní kọ́bọ̀. Bó bá parí, onílé á pa tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn Amẹ́ríkà náà kò ṣàì mọ̀ nípa irú rẹ̀. Ní Salem, ní Massachusetts, èèyàn 19 ni wọ́n yẹgi fún lórí ẹ̀sùn àjẹ́ lọ́dún 1692, wọ́n sì fi òkúta tẹ bàbá arúgbó kan pa. Ìlú yẹn náà làwọn òṣèré Bewitched lọ lọ́dún 1970 láti ya apá díẹ̀ nínú eré wọn. Ní 2005, wọ́n gbé ère Samantha kalẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó sórí ìgbálẹ̀. Inú bí àwọn kan nílùú náà. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi. N kò sì lè ní kí wọ́n wó o.

Màmá kú ní 1978. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀ nítorí àwọn agolo yẹn. Wọ́n ní ibẹ̀ ló kó ọmọ aráyé pa mọ́ sí. Bàbá mi ló wọlé níkẹyìn, mo gbé àtùpà tẹ̀ lé e. Ó ń fà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí ẹnu wọn sójú iná kí n lè rí inú wọn. Mọ́kànlélógójì ni. Màmá ti fọ gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan nínú wọn.